Ta Ló Kí Ọkọ?

Lọ́dún tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn, mo dúró lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta òrí ní Ọjà'ba nígbà tí ọkùnrin kan wá rà níbẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin náà ń ṣoge?"

"Ìyàwó mi ni, ìyá. Oyún ṣẹ́ lára rẹ̀. Mo fẹ́ máa fi ra á lẹ́yìn."

"Kí ọwọ́ oko yẹn má bó ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ o! Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló kí yín?"

"Èmi kẹ̀? Ìyàwó ni wọ́n ń kí kú ewu."

"Àbí òun nìkan ló fún ara rẹ̀ lóyún ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyá bu èènì sórí òrí rẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ kú ewu, bàbá ọmọ."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ tún pè mí bẹ́ẹ̀."