Ohun Ìjà Nínú Ilé Aránṣọ

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́… ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà wà ní ọ̀dọ́ rí. Yétúndé, ìwọ lo ń rẹ́rìn-ín yẹn. Nígbà tí mo ṣì lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò ojú, yàrá kan àti pálọ̀ ni ilé wa ní Nukafu, ní Lomé níbí. Pálọ̀ ni mo ti ń ránṣọ. Pálọ̀ la ti ń jẹun. Pálọ̀ yẹn náà, ẹ gbọ́ o, ni bàbá yín àgbà kó gbogbo ohun ìjà àwọn baba rẹ̀ sí.

Ẹ ní ẹ fẹ́ ra àpótí onígíláàsì, kí ẹ tan iná sí i nínú, kí àlejò máa wò wọ́n. Ó dáa. Àwa ò rí gíláàsì. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá yín àgbà ń tún ṣe, ohun tó bá rí ní ṣọ́ọ̀bù ló ń lò. Ó mú ríìmù kan tó ti tẹ̀, ó gbé e kọ́ ara ògiri, ó to ọfà mẹ́sàn-án yí i ká. Ó gé tíúbù wẹ́wẹ́, ó fi wé orí ìṣó, kí ìṣó má baà ha idà lára. Ìṣó mà ni o, ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Nígbà tí tíúbù tán, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jí igi òwú mi, èyí róbótó tí òwú máa ń yí mọ́. Màá wá a, màá wá a títí, àṣé ó ti kàn án mọ́ ògiri, ó ti gbé ọ̀kọ̀ lé e. Mo ní, "Bàbá Ṣọlá, ṣé òwú ni ẹ fẹ́ fi jagun ni?" Yóò kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ọ̀kọ̀ mẹ́ta, idà kan, ọrun kan, ọfà mẹ́sàn-án, àti ìbọn ṣakabùlà kan tí kò ṣeé yìn mọ́. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti kó wọn wá nígbà tó wá ṣòwò ní Lomé. Bàbá ọkọ mi yẹn, ohùn rẹ̀ kì í ga. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ló pè mí jókòó, ó ní, "Ìyàwó, ohun ìjà ilé yìí kì í dùbúlẹ̀. Kó dúró, tàbí ká gbé e kọ́. Ọjọ́ tí olórí ilé bá kú nìkan là ń tẹ́ ẹ sílẹ̀." Ṣé ẹ rí i bí mo ṣe tẹ́ gbogbo wọn sórí ẹní lọ́jọ́ tí bàbá yín àgbà papò dà? Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin rò pé mo fẹ́ nù wọ́n ni. Ní báyìí tí Ṣọlá tó bí yín ti di olórí ilé, ẹ lè gbé wọn dìde. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbé ni.

Lọ́dún kan, ìlú dàrú. Àwọn kan ní àwọn fẹ́ ìjọba tí aráàlú máa fi ìbò yàn, àwọn kan ní kò ní ṣeé ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀… gírẹ́ẹ̀fù ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Gírẹ́ẹ̀fù, gírẹ́ẹ̀fù, ohun tí à ń gbọ́ ṣáá nìyẹn. Ọjà tì. Ilé ìwé tì. Ìbọn ń dún lọ́nà jíjìn, ó tún ń dún nítòsí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ díẹ̀, ẹ ti sọ pé ayé ti bàjẹ́. Àwa ń rí i tí àwọn èèyàn ń gbé ẹrù lórí, àwọn kan ń lọ Kùtọnu, àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn kọjá sí Gánà. Bàbá yín ní òun ò lọ ibì kankan. Ó ní, "Ta ni yóò máa ṣọ́ wọn?" Ohun ìjà ló ń sọ o, kì í ṣe èmi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Dàda Afí wọlé. Ará Ewé ni, dàda ni wọ́n ń pe ìyá, ojúlé kejì sí wa ló ń gbé, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Kò tiẹ̀ kí wa. Ó na ọwọ́ sí ògiri, ó ní, "Ìyá Ṣọlá, kó gbogbo èyí kúrò. Sójà ń wọ ilé kọ̀ọ̀kan, ìbọn ni wọ́n ń wá. Wọ́n ti mú ọkùnrin kan lọ lọ́nà ibí yìí, ìbọn ìṣọdẹ ni wọ́n bá nílé rẹ̀. Wọn ò tíì dá a padà."

Nígbà tó lọ tán, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá Ṣọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé." Ẹ gbọ́, bó bá tiẹ̀ bínú ni, ì bá yá mi lára ju ohun tó ṣe lọ. Ó wò mí pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ìyá Ṣọlá, ṣé o fẹ́ sọ fún ilẹ̀ pé mo ti kú ni?"

Mo lọ jókòó sídìí máṣíìnì, mo kẹ̀yìn sí i títí ọ̀sán. Ó jọ ìbínú lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọkọ mi kan ṣoṣo. Ọmọ mẹ́ta, Ṣọlá tó jẹ́ àgbà kò ju báyìí lọ. Bí wọ́n bá mú un lọ ńkọ́? Ta ni mo ní ní Lomé yìí? Mo ń wo ògiri, mo ń sunkún, mo ń wo ògiri. Ìgbà tó yá, mo sọ fún ara mi pé, ó dáa, wọn kì í dùbúlẹ̀. Ta ló ní kí wọ́n dùbúlẹ̀? Ṣé gbogbo ohun tó dúró ni ojú ń rí?

Mo yọ ọ̀kọ̀ kan lára ògiri. Mo tú etí rídò, aṣọ ojú fèrèsé wa, mo tún un rán kó fẹ̀, mo ti ọ̀kọ̀ bọ inú rẹ̀ bí irin rídò, mo gbé e kọ́ padà. Mo rán àpò kékeré bo ẹnu ọ̀kọ̀, mo fi òwú pupa so ó, ó wá dà bí ọ̀ṣọ́. Fèrèsé méjì, ẹnu ọ̀nà yàrá kan, ọ̀kọ̀ mẹ́ta. Bàbá yín jókòó, ó ń wò mí. Mo fi ọrun ṣe ìkọ́, mo gbé aṣọ àwọn oníbàárà mi kọ́ ọ. Mo ká áńkárá mọ́ idà láti orí dé ìdí, mo gbé e dúró sí kọ̀rọ̀ láàárín àwọn ìdì aṣọ yòókù. Ọfà? Mo yí ẹnu wọn sókè, mo fi igi òwú kọ̀ọ̀kan dé wọn lórí, òwú pupa, òwú búlúù… ẹni tó bá wọlé á ní, háà, aránṣọ yìí létò.

Ó ku ìbọn. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró. Ìgbà náà ni bàbá yín dìde. Ó lọ bu yanrìn kún garawa, ó gbé ìdí ìbọn sínú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kó dúró ṣinṣin. Ó wá wojú mi, ó ní, "Kí la máa wọ̀ fún un?"

Ọmọbìnrin kan ládùúgbò Kégué ti gbé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ fún mi rán. Mo ti rán an tán, ṣùgbọ́n gírẹ́ẹ̀fù ti dá ìgbéyàwó dúró. Mo fi ìrọ̀rí méjì ṣe àyà àti ìbàdí, a jọ so wọ́n mọ́ ìbọn, a wọ̀ ọ́ láṣọ. Aṣọ funfun, ó balẹ̀, ó bo garawa. A jọ dúró níbẹ̀, a ń wo ìyàwó.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn sójà dé, oòrùn ti là dáadáa. Méjì wọlé. Wọ́n wo abẹ́ ibùsùn, wọ́n wo inú ìkòkò omi, wọ́n tú àpò gàrí. Ọ̀kan gbá rídò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè wo ìta, rídò sì fà lọ wẹ́rẹ́ lára ọ̀kọ̀. Bàbá yín jókòó sórí àpótí, ó di ọwọ́ Ṣọlá mú.

Ìkejì dúró níwájú aṣọ ìyàwó. Ó wò ó títí. Ó wá na ọwọ́ sí ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọwọ́ yẹn bá tẹ ibẹ̀, igi ìbọn ló máa bá. Mi ò mọ ẹni tó la ẹnu mi. Mo fi Faransé ọjà tí mo gbọ́ sọ fún un pé, "Ọmọ mi, wo ọwọ́ rẹ ná. Aṣọ funfun ni."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó dọ̀tí, gíríìsì wà ní abẹ́ èékánná rẹ̀. Ó fà á sẹ́yìn, ó nù ún lára ṣòkòtò, ojú tì í. Ó tọrọ àforíjì, ó ní, "Pardon, maman." Ó wá bi mí pé, ọjọ́ mélòó ni èèyàn fi ń rán irú rẹ̀? Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní bí ìlú bá rọ̀, òun máa mú ìyàwó òun wá kí n wọn ara rẹ̀. Wọ́n sì jáde.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá yín sì wá, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú mi, gbalaja, nínú ìrépé aṣọ. Ọkọ mi o. Mo ní, "Ẹ dìde, Bàbá Ṣọlá, àwọn ọmọ ń wò yín." Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n wò. Àwọn tó ti kú ni mo ń ṣọ́. Ìwọ lo ń ṣọ́ mi." Ó sunkún, èmi náà sunkún.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó àti ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe é, bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ má kọ́kọ́ bá a jiyàn. Lónìí, ọkọ á wà lórí fóònù, ìyàwó á wà lórí fóònù, ta ló ń gbọ́ ẹ̀rù ẹnì kejì?

Ìlú rọ̀ nígbà tó yá. Ọmọ Kégué wá gba aṣọ rẹ̀, ó ṣègbéyàwó. Èmi lọ ra aṣọ funfun mìíràn ní ọjà Assigamé, ọ̀pá mẹ́fà, mo gbé e pamọ́. Bàbá yín ní ta ló ni ín, mo ní oníbàárà kan ló ní òun ń bọ̀. Mo retí ọmọ sójà yẹn lọ́dún náà, mo retí rẹ̀ lọ́dún kejì. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ti fi ọwọ́ yẹn ṣe kó tó wọ ilé wa, mi ò sì mọ ohun tó lọ fi ṣe lẹ́yìn rẹ̀… Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló bí i. Aṣọ náà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú báyìí, ó wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Mi ò gé e fún ẹnikẹ́ni.