Ọ̀rọ̀ Àṣírí Tí Àbúrò Mi Fà Lé Ìjọba Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, ẹ fetí sílẹ̀, ohun tí mo rí kò ṣé gbé mì. Inú ààwẹ̀ ni mo wà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Mo gbàdúrà tán lórí ẹní, mo gbórí lé Bíbélì, oorun bá gbé mi lọ.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Dìde, Abígéèlì, wá wò."

Ó mú mi sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì kan tó ṣókùnkùn biribiri. Mo rí àwọn òpùrọ́ tí wọ́n ń jẹ ahọ́n ara wọn, mo rí àwọn alágbèrè tí iná bò bí aṣọ. Lẹ́yìn wọn ni ogunlọ́gọ̀ tó fọwọ́ di etí wà, wọ́n ń ké.

Mo ní, "Ta ni ìwọ̀nyí?"

Ó ní, "Àwọn tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lórí fóònù, tí wọ́n ń kó o fún aninilára. Ẹkún àwọn tí wọ́n fà lé aninilára lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbọ́."

Háà! Àárín wọn ni mo ti rí Káyọ̀dé, ọmọ ìyá mi, tó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ fóònù kó tó kú. Mo sáré, mo ṣubú, mo dìde, iná ń ta sí mi lára, mo ń pe Jésù, mo ń pe Káyọ̀dé, ọwọ́ mi ò tó o!

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sún mọ́ ibí! Ṣé ẹ rántí Tísà, ọkọ Ìyá Títí, nínú ìjọ yín?"

"Èyí tí wọ́n wá gbé nílé, tí a ò rí mọ́?"

"Èmi ni mo fà á lé wọn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá sí ọ́fíìsì wa, wọn ò mú ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ dání. Ọ̀gá ní kí n fún wọn ní gbogbo ohun tó bá ìyàwó rẹ̀ sọ lórí fóònù. Ó kàn ń ráhùn nípa ìjọba fún aya rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo fún wọn."

Mo bẹ ọkùnrin aláṣọ funfun náà pé kó fún Káyọ̀dé lómi. Ó mi orí. Omi ń bọ́ lójú òun náà.

Ó mú mi gòkè lọ sí ìlú kan tó tura, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ fàlàlà, tí ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀yìn kó tó lanu. Tísà wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Tísà, ẹ dákun, ẹ dárí ji àbúrò mi."

"Mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ṣì ń bu oúnjẹ mi sọ́tọ̀ lálaalẹ́. Ẹ sọ fún un pé kó má retí mi mọ́."

Mo jí, ẹní mi ti rin fún omijé. Ọ̀dọ̀ Ìyá Títí ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo jíṣẹ́ ọkọ rẹ̀ fún un. Ó kàn jókòó, ó ń fi etí ìró nu abọ́ kan tó mọ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ fóònù àti ti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tí ìjọba ní kí ẹ máa ṣọ́ ọmọnìkejì yín, bí wọ́n bá ní kí ẹ fà á lé àwọn lọ́wọ́ láìtọ́, ẹ kọ̀. Bí iṣẹ́ yóò bá bọ́, ẹ jẹ́ kó bọ́. Mo fi ọmọ ìyá mi sílẹ̀ nínú iná, mo sì jí.