Irin Mẹ́rin Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀pá Ìwọ̀n

Ẹ má tíì gun ìwọ̀n yẹn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ jókòó sórí ẹní kí a tó bẹ̀rẹ̀ ti Jímọ̀ òní nìyẹn. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ Ìrìn Òwúrọ̀, Madamu Léontine tó wá láti ilé ìwòsàn, àti ìwọ Hàsíátù, Ìyá Faridatou, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tó jókòó sẹ́yìn tí kò fẹ́ wojú mi: ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi Ràúfátù, Ìyá Jẹ́láàní, ti jókòó lé láti oṣù mẹ́ta. Ẹ sì mọ bí mo ṣe tóbi tó. Bí ọ̀rọ̀ bá lè kú lábẹ́ ìdí èèyàn, tèmi ì bá ti kú. Kò kú. Ó ń bù mí jẹ ni.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Madamu Léontine pe àwa mọ́kànlá, ó ní tàǹsíọ́n wa ga, ẹ̀jẹ̀ wa ń ru, ara wa wúwo, kí a máa jẹun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀ dé ìyànà Daagbé. Gbogbo wa la gbọ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Díẹ̀díẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Ìyá Ìbráhímù ti jẹ ẹ̀bà mẹ́ta kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ní oògùn lòun ń lò. Ìgbà tí Madamu kó ife kéékèèké wá, tó ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ò gbọdọ̀ kọjá èyí, la tó mọ̀ pé ọ̀ràn dé.

Ti Hàsíátù yàtọ̀. Àwa ń sá fún tàǹsíọ́n, òun ń sá fún ikú. Iyún, kókó inú ilé-ọmọ, ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ bí ẹni pé kò ní ẹni tó ni ín. Dókítà tó wà ní Àjàṣẹ́ ní òun ò ní fi ọ̀bẹ kàn án àfi tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé kílò márùndínláàádọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún ni Madamu kọ sínú káàdì rẹ̀. Ó so ife rẹ̀ mọ́ etí aṣọ kí ṣíbí ẹnikẹ́ni má baà tàn án jẹ, òun ló sì máa ń ṣíwájú wa lójú ọ̀nà, ife yẹn á máa gbá a nítan, kó, kó, kó.

Ìwọ̀n tèmi la ń lò ní gbogbo Jímọ̀, ìwọ̀n irin tí mo fi ń ra àgbàdo lọ́jà Ìgólo. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣòwò náà mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má wolẹ̀. Ìwọ̀n tí a fi ń rà kì í ṣe ìwọ̀n tí a fi ń tà. Kí àgbẹ̀ tó gbé àpò dé, irin kékeré kan á ti wà lábẹ́ orí ọ̀pá ìwọ̀n, a ti fi rọ́bà dì í pa. Irin náà ò ju àtàǹpàkò lọ, àmọ́ àpò á fi kílò mẹ́ta fúyẹ́ sí i. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Banigbé àti Tchaada tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn ògiri tẹ́ ẹ ń gbọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ yín náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó wúwo jù.

Láàárín oṣù kan, Hàsíátù dé mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Ó dúró síbẹ̀. Jímọ̀ kan, Jímọ̀ kejì, Jímọ̀ kẹta, ìwọ̀n ò mì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú ife, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ràúfátù, gba ife yìí. Ebi ń pa mí, ẹsẹ̀ ń dùn mí, irin yìí sì ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Jẹ́ n lọ jẹ ẹ̀bà mi, kí n kú tikùntikùn." Mo ní, "Ìyá Faridatou, ọ̀sẹ̀ kan péré sí i." Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ìwọ ni iyún wà nínú ẹ ni?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo búra, àánú ni. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú irin kan, mo dì í mọ́ abẹ́ ọ̀pá. Jímọ̀ dé, ìwọ̀n ka méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Hàsíátù pariwo débi tí lèmọ́mù fi yọjú láti mọ́ṣáláṣí. Ife padà sí etí aṣọ. Àmọ́ ìwọ̀n ò mọ ọ̀rẹ́ mi yàtọ̀ sí yín. Gbogbo yín lẹ fúyẹ́ lọ́jọ́ kan náà, títí kan Ìyá Ìbráhímù tí ọ̀lẹ̀lẹ̀ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé mi lé èjìká, ẹ ní Pirẹsidáǹtì wa. Ẹ gbìyànjú láti gbé mi lé èjìká, kí n má parọ́ mọ́.

Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Irọ́ kì í jẹun lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni tirẹ̀ náà lóòjọ́, òun náà ò sì gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá yọ irin, gbogbo yín á fi kílò mẹ́ta sanra lójijì. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n á tún lọ́ra, Hàsíátù á tún tú ife. Mo fi ìkejì sí i. Mo fi ìkẹta sí i. Mo wá dà bí akọ̀pẹ tí okùn igbà já mọ́ lọ́wọ́ lókè ọ̀pẹ, tí kò lè gòkè, tí kò lè sọ̀, tí àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un nísàlẹ̀ pé ọkùnrin yìí mọ òkè gùn.

Lọ́jọ́ tí mo fi ìkẹrin sí i, ìwọ̀n ka márùndínláàádọ́rùn-ún. Hàsíátù ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó jókòó sílẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ràúfátù, ìwọ lo gbà mí." Mo gbọ́ ọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo sì jẹ́ kó lọ sí Àjàṣẹ́.

Ìwọ̀n ilé ìwòsàn ibẹ̀ ò ra àgbàdo rí. Ó ka mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Dókítà dá a padà. Ọkọ rẹ̀, Àbdùlàzéèzì, tó ti wá ẹni méjì tí yóò fún un lẹ́jẹ̀, gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà láti Àjàṣẹ́ dé Ifangni wa níbí. Ó pe ẹbí jọ, ó pe èmi náà. Ó ní, "Ìyá Jẹ́láàní, ẹ̀yin lẹ jọ ń rìn. Ẹ là mí lóye. Báwo lèèyàn ṣe ń fi ọjọ́ méjì sanra kílò méjìlá? Àbí ó ń jẹun ní kọ̀rọ̀?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Kí n ṣáà sọ pé irin ni. Mo wo ojú ẹbí, mo rántí ọjà, mo rántí Pirẹsidáǹtì, mo sì fi ẹnu tí mo fi ń kírun sọ pé, "Bàbá Faridatou, n ò fẹ́ sọ ọ́. Mo ti rí i nídìí alákàrà lẹ́ẹ̀mejì." Hàsíátù yíjú sí mi. Ó ní, "Èmi, Ràúfátù?" Mo ní, "Ṣe sùúrù, gbogbo wa lebi ń pa." Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń rò ó bóyá òun jẹ àkàrà náà, tóun sì gbàgbé. Irin mẹ́rin ò wúwo tó ìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ẹ̀ẹ̀marùn-ún di ẹ̀ẹ̀kan, ó sọ ẹ̀ẹ̀kan di omi. Ó ń dá rìn lọ́sàn-án gangan. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó ṣubú ní ìyànà Daagbé, Ọ̀ṣẹ́nì ọlọ́kadà ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Madamu fa omi sí i lára, ó wo káàdì rẹ̀, ó wo ìwé Àjàṣẹ́, ó ní, "Bọ́n, ó dáa. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún nígbà yẹn, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún báyìí. Kílò méje. Iṣẹ́ ńlá lobìnrin yìí ṣe. Ta ló ní kò gbìyànjú?" Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ẹ̀kọ dání, n ò lè wọlé, n ò lè padà.

Kílò méje yẹn ló lé mi dé orí ẹní yìí. Hàsíátù, mo fún ọ ní kílò méjìlá tí kò sí, mo fi jí méje tó wà, èyí tí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn fún, tí ẹnikẹ́ni ò sì pàtẹ́wọ́ fún ọ. Irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí. Bàbá Faridatou, mo mọ̀ pé ẹ wà lójú fèrèsé: ìyàwó yín ò jẹ àkàrà kankan. Ẹni tó wà nídìí alákàrà, èmi ni. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ tẹ̀ lé ìyá yín wá, bí ọ̀rẹ́ yín bá ní ọ̀nà ti sú òun, ẹ bá a jókòó, ẹ bá a dìde, ẹ má fi irọ́ tì í lẹ́yìn. Ẹni tí a fi irọ́ gbé sókè, orí ilẹ̀ òótọ́ ni yóò ṣubú sí.

Ìyá Faridatou, n ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ìyẹn náà, díẹ̀díẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọ̀la, n ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ pẹ̀lú ife tèmi létí aṣọ. Bí o bá jáde, n ó tẹ̀ lé ọ. Bí o ò bá jáde, n ó padà wá lọ́túnla. Ní báyìí, mo fẹ́ gun ìwọ̀n yìí láìsí irin, èmi tí n kò gùn ún rí lójú yín. Ìwọ ni kí o wá ka ohun tó bá sọ. Kà á sókè. Má yọ ẹyọ kílò kan kúrò nínú rẹ̀ nítorí àánú.