Àmì Pupa Inú Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé ọpẹ́ yìí, nítorí ẹnu mi nìkan kò lè gbé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó pa mí mọ́ láti Ìsọlọ̀ dé Bìní, tó sì tún pa mí mọ́ bọ̀. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ó bá lè ṣe é, màá dìde níbí, màá sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ni màá sì sọ, títí kan èyí tó máa mú kí àwọn kan wo mí ní ìwòkuwò.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó nítòsí mi mọ̀ pé mo máa ń gbé báàgì mi sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn áṣà tó ń fi ìjókòó han èèyàn ti bá mi wí títí, wọ́n ní àyè èèyàn ni mo fi báàgì gbà. Mi ò fèsì rí. Bàbá Ṣadé, ọkọ mi, ni mo ń pa àyè náà mọ́ fún. Ó ti ṣèlérí fún mi pé bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun máa bá mi wá síbí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tán. Owó epo ti dé sílùú, wọ́n ń la títì káàkiri, kọ́ńpìnnì tó ń la títì lọ́nà Bìní ló sì gbà á. Títì tí wọ́n ní ó máa mú èèyàn súnmọ́ra ló gbé ọkọ tèmi jìnnà sí mi, ó sì ti lé lọ́dún kan.

Àárò rẹ̀ sọ mí, ẹ̀yin ará. Mi ò ní í purọ́ nílé Ọlọ́run. Bí mo bá ti ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà dé, tí mo rí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ níwájú ilé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fáktírì Ìsọlọ̀, àyà mi á kọ́kọ́ sọ pé ó ti dé, kí n tó rántí pé ọkọ̀ nìkan ni. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, inú rẹ̀ ló sì ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, ní ìrọ̀lẹ́ Sunday tí fáktírì bá tì, tí lọ́rì kò sí lójú títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Ibi tó ti síìtì sẹ́yìn sí, mi ò sún un kúrò níbẹ̀ láti ìgbà tó ti lọ. Pílò ni mo máa ń kì sẹ́yìn ara mi kí ẹsẹ̀ mi lè tó kílọ́ọ̀ṣì. Ṣadé, ọmọ wa, bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúkú fa síìtì síwájú. Mo ní kó má da nǹkan bàbá rẹ̀ rú.

Ó wá di Tuesday kan, dẹ́rẹ́bà kọ́ńpìnnì wọn yà sílé wa, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹnì kan bá wọlé tó ní kí o fọkàn balẹ̀, ọkàn ti fò lọ nìyẹn. Ó ní páìpù ńlá kan yí lu Bàbá Ṣadé, egungun itan rẹ̀ kán, ó wà ní ọsibítù ní Bìní, wọ́n sì ti di pílásítà mọ́ ọn láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní ẹ̀mí rẹ̀ kò sí nínú ewu. Ṣùgbọ́n ọsibítù máa dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ Friday, iṣẹ́ sì ti parí lọ́nà ibẹ̀, kọ́ńpìnnì ń kó lọ sí Kàdúná. Bí kò bá sí ará ilé tó wá gbé e, wọn yóò gbé e mọ́ ẹrù wọn, kó máa lọ jókòó sí kám̀pù Kàdúná títí ẹsẹ̀ yóò fi san. Ẹni tó wà ní Bìní tí mi ò rí, bó bá wá dé Kàdúná ńkọ́?

Ẹsẹ̀ tí kò ṣe é ká kò lè wọ bọ́ọ̀sì, kò lè wọ tákísí. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù nìkan ló lè nà án sí. Mo wá èyí tí màá háyà títí, gbogbo wọn ń gbé sìmẹ́ńtì kúrò ní Àpápá. Tiwa sì rèé níwájú ilé, ó ti kú. Oṣù tó ṣáájú ni bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ já lójú títì, wọ́n sì tì í wálé fún mi. Bẹ́líìtì táímìn ni wọ́n ń pè é. Ó ní eyín, ó so wíìlì òkè ẹ́ńjìnnì mọ́ ti ìsàlẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè máa yí pọ̀. Bí wọn kò bá bára wọn mu, ẹ́ńjìnnì kò ní í ṣiṣẹ́.

Mo sáré lọ bá mẹkáníìkì kan ní Bọ́ládé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún ọkọ̀ tuntun, ti àwọn oníṣẹ́ ìjọba tó gba àríà owó oṣù. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí bẹ́líìtì yẹn bá já, ó ṣeé ṣe kí fááfù ti tẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ pátá. Ó ní, “Àǹtí Tíṣà, ẹ gbé e jù, ẹ ra tuntun. Ta ló tún ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe láyé ìsinsìnyí?”

Mo padà sílé. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ṣebí èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún ọkọ mi bó bá ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ náà. Mo ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, mo bá bẹ́líìtì tuntun kan nínú páálí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa kan tí mo máa ń fi kun èékánná tẹ́lẹ̀.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìjọ yìí, Màmá Àgbà tó wà níwájú yìí ní kí n kó kútẹ́ẹ̀sì àti yẹtí mi jù nù. Mo kó wọn jù, àfi ìgò kan. Ọkọ mi ló bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní ìgò kan yẹn, ó ní òun máa rí iṣẹ́ gidi fún un. Mo rò pé ó ń fi ìgbàgbọ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mi ò sì bi í pé iṣẹ́ wo.

Wednesday ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo tú rédíétọ̀, mo tú fáànù, mo tú ìdérí bẹ́líìtì. Mo rí àmì lára wíìlì òkè, mo rí àmì kan tó ń dán lára ti ìsàlẹ̀. Mo mú wọn dọ́gba, mo fi bẹ́líìtì bọ̀ ọ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà sín, ó wúkọ́, ó yìnbọn jáde láti ẹnu kabúrétọ̀, ó sì dákẹ́. Mo yẹ púlọ́ọ̀gì wò, iná wà. Epo ń dé. Bátìrì le. Mo tún tú bẹ́líìtì, mo tún fi bọ̀ ọ́, nǹkan kan náà ló ṣe. Ohùn mẹkáníìkì wá ń dún létí mi pé fááfù ti tẹ̀.

Ní ọ̀sán Thursday, mo fi orí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mi ò gba àdúrà gígùn. Mo ní, “Olúwa, mi ò bẹ̀ ọ́ fún ọkọ̀ tuntun. Ọkọ mi ni mo fẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá wa. Fi ohun tí mi ò rí hàn mí.” Bí mo ṣe ń ṣàmín lọ́wọ́ ni Màmá Àgbà dé, tí wọ́n wá wò mí torí wọn kò rí mi nípàdé àdúrà. Mo yára fi àkísà bo ìgò kútẹ́ẹ̀sì.

Mo ro ẹjọ́ mi fún wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa báṣẹ́ lọ. Mi ò mọ iṣẹ́ tí màá bá lọ. Mo kàn rọ kẹrosíìnì sí àkísà, mo ń nu ìdí ẹ́ńjìnnì, torí Bàbá Ṣadé kò fẹ́ràn ìdọ̀tí. Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ pa á dé ní òkú, kó mọ́. Mo nu wíìlì ìsàlẹ̀ yẹn, ọ̀rá dúdú ń ṣí kúrò, Màmá sì sún mọ́ ọn.

Wọ́n ní, “Ìyá Ṣadé, kí ni nǹkan pupa yìí?”

Mo wò ó. Àmì mìíràn ló wà lára wíìlì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń dán. Ọ̀rá ti bò ó, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí i. Èyí tó ń dán tí mo ti ń lò kì í ṣe òun rárá. Ọkọ mi ti fi kútẹ́ẹ̀sì kun ojúlówó rẹ̀ kó má baà ṣì í mú. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú lọ́jọ́ tó kùn ún, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n ojú mi kò sí níbi iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò.

Màmá yíjú sí mi. Wọ́n ní, “Ṣé kútẹ́ẹ̀sì tí mo ní kí o jù nù nìyí?”

“Òun ni, mà.”

“Ṣé òun ló máa gbé ọkọ rẹ wálé?”

“Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà.”

Wọ́n tún tan tọ́ọ̀ṣì sí àmì náà. Wọ́n ní, “Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bí ó bá ṣẹ́ kù, tún un kùn dáadáa.” Mo bá ṣí àkísà, mo mú ìgò náà jáde níwájú wọn.

Mo mú àmì pupa bá ojú ibi tó yẹ, mo fi bẹ́líìtì bọ̀ ọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi máa ń sọ nìyẹn bó bá ń di nọ́ọ̀tì. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí. Ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bó ṣe máa ń dún ní ìrọ̀lẹ́ tí Bàbá Ṣadé bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mi ò lè pa á. Mo jókòó sórí síìtì rẹ̀, mo jẹ́ kó máa dún, mo sunkún.

Ní ìdájí Friday, a di bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn ọkọ̀, mo ki pílò sẹ́yìn mi, Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní èmi nìkan kò ní í dá lọ. A gba Òrè, a dé Bìní, mo wọ ọgbà ọsibítù. Kí n tó dé wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì kan pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí bóyá èmi ni mo wa ọkọ̀ wọlé. Ó ní ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ pílásítà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó ń sọ pé ọkọ̀ òun dé, pé ìyàwó òun ló wà á, àwọn sì rò pé ibà ló ń dà á láàmú.

Nígbà tó rí mi, kò kí mi. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mú. Ọ̀rá dúdú ṣì wà lábẹ́ èékánná mi gbogbo. Ó ní, “O rí i.” Mo ní mo rí i.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo bẹ́ǹṣì kẹta lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó na ẹsẹ̀ funfun sójú ọ̀nà yẹn, Bàbá Ṣadé ni. Ẹ̀yin áṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kó ká a, kò tíì lè ká a. Kò tíì lè wakọ̀ náà. Pílò ṣì wà níbi tó wà, síìtì sì ń dúró dè é. Ẹnikẹ́ni tó bá ń pa àyè mọ́ fún ẹnì kan níbí, kó má ṣe jẹ́ kó sú òun. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run tó mọ ibi tí ọ̀rá bo àmì mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì ń yọ̀ kọjá lọ́dọ̀ wa, ẹ rọra: báàgì mi wà nílẹ̀ lónìí.