Bí Olúwa Ṣe Yọ Ìwé Àdúrà Ọkọ Mi Nínú Iná Ọyẹ́

Ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run tó ń gbọ́ igbe ẹni tí itọ́ ti gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Halelúyà! Mo ní, Halelúyà! Ẹ ṣeun. Pásítọ̀ wa, ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá, mo kí yín o. Èmi ni Ìyá Táyọ̀, ìyàwó katikíìsì tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe dúró níwájú yín yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ ju èyí lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Ṣakí mọ̀ pé ọkọ mi a máa kọ̀wé. Àdúrà àti ọ̀rọ̀ ìṣítí fún àárọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, òun ló máa ń kọ lóko, lábẹ́ igi irúgbá, tó bá ń sinmi. Èyí tó kọ́kọ́ kọ, inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì la kó o sí. Ikán dé, ó jẹ ẹ́ tán, èèpo ẹ̀yìn nìkan ló ṣẹ́ kù. Ọjọ́ yẹn ni mo rí omi lójú ọkọ mi. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ní ká gbé ti ọ̀tẹ̀ yìí lọ sí ahéré wa lọ́nà Àgọ́-Àrẹ, ká fi sórí àjà lókè ààrò, níbi tá à ń kó àgbàdo ìgbìn sí. Èéfín kì í jẹ́ kí kòkòrò débẹ̀. Mo fi òfì mi àtijọ́ dì í dáadáa, inú mi dùn sí ọgbọ́n mi. Mo gbọ́n ti ikán, n ò gbọ́n ti iná.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn kọlu ọkọ mi. Ó jí láàárọ̀, apá ọ̀tún ò gbé, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A gbé e dé ọsibítù, dókítà sa gbogbo agbára, ẹ̀mí ò bọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù sí i lẹ́nu: Àmín. Tẹ́ ẹ bá bi í pé ṣé ebi ń pa á, Àmín ni. Tí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, Àmín náà ni. Àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, èmi á wọ yàrá lọ sunkún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: tí ìwé yẹn bá lọ, kò sí ọwọ́ tí yóò tún un kọ mọ́, kò sì sí ẹnu tí yóò pè é fún ẹlòmíì kọ.

Ọdọọdún, kí ọyẹ́ tó dé, ọkọ mi a máa ro koríko yí ahéré ká, kí iná àwọn ọdẹ má bàa débẹ̀. Lọ́dún yẹn, ta ni ì bá ro ó? Aláìsàn ni mò ń tọ́jú, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń yí iṣu tí mo sá fún èlùbọ́ lẹ́yìnkùlé, ni nǹkan dúdú kan bá bọ́ lé iṣu funfun. Òmíì tún bọ́. Mo mú un, ó rún mọ́ mi lọ́wọ́. Eérú koríko ni! Mo gbójú sókè, apá ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ ti ṣú dùdù, àwọn àwòdì ń pòyì nínú èéfín. Ìwé! Ọkọ mi wà lórí àga níwájú ilé, òun náà ti rí i. Ó wo èéfín, ó wò mí. Àmín gan-an, kò sọ ọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo sáré. Píkọ́ọ̀pù kan gbé mi dé ẹnu ọ̀nà oko, dẹ́rẹ́bà ní, "Ìyá, ẹ má wọ ibẹ̀ yẹn o! Ẹ ò rí bí òkété ṣe ń sá jáde?" Mo bọ́ sílẹ̀, mo wọ inú oko lọ. Sáàmù ni mò ń kà lọ, mò ń da ọ̀kan mọ́ ìkejì.

Bàbá Ràímì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí oko wọn bá tiwa pààlà, ló bá mi ní ahéré. Mùsùlùmí ni wọ́n. Mo ti fa ìwé sílẹ̀ láti orí àjà, mo gbé e máyà, mo fẹ́ gba ọ̀nà tí mo gbà wá padà. Iná ti gba ọ̀nà náà. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya. Koríko ga jù mí lọ níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì.

Bàbá Ràímì ní, "Ìyàwó, ìṣáná dà? Ká yáa sun koríko ọ̀dọ̀ wa yìí kí iná tọ̀hún tó dé."

"Bàbá Ràímì! Ọwọ́ iná ni mo ti wá gba ìwé, ẹ tún ní kí n dáná?"

"Ibi tí iná bá ti jẹ, kì í padà wá jẹ ẹ́. Ṣá a!"

Ìṣáná wà lẹ́bàá ààrò. Igi ìṣáná ń ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí mò ń rò ni pé èmi náà ni n ó fọwọ́ ara mi sun iṣẹ́ ọkọ mi. Bàbá Ràímì ní, "Bísímílà," èmi ní, "Ní orúkọ Jésù," ó gbiná. Ẹ má wò mí báyẹn, ẹ̀yin alàgbà, iná ò jẹ́ ká ráyè jiyàn. Bàbá Ràímì ń fi ewé tútù lù ú kó má yà sọ́dọ̀ wa, bó sì ti ń jẹ lọ là ń bọ́ sórí eérú rẹ̀. Ilẹ̀ jó mi lẹ́sẹ̀, àpá ẹ̀ rèé. Mo dojú bolẹ̀ lórí ìwé náà, mo kígbe pé, "Olúwa, ọ̀rọ̀ ti lọ lẹ́nu ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan, má jẹ̀ẹ́ kó lọ lẹ́ẹ̀kejì!"

Iná ńlá dé. Ahéré gbiná, àgbàdo ìgbìn ń ta bíi gúgúrú lẹ́yìn wa. Ó dé etí eérú tí a wà, kò rí nǹkan jẹ. Ó pín sí méjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ẹ bá mi yin Olúwa!

Nígbà tí mo délé, mo dúdú bí ìdí ìkòkò, Táyọ̀ ò dá mi mọ̀. Mo gbé ìwé lé bàbá ẹ̀ lórí itan. Ó fi ọwọ́ òsì pa á lára, ó gbóòórùn èéfín lára ẹ̀, omijé ń dà. Ó ní, "Àmín."

Láti ọjọ́ náà, oorun ò kun ojú mi mọ́ torí pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ìwé náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ, èmi tí mo kàwé mọ níwọ̀nba. Níbi tí èéfín ti pa lẹ́tà rẹ́, n ó ka ohun tí mo rò pé ó wà níbẹ̀ sókè. Tí mo bá gbà á, ọkọ mi á ní Àmín. Tí mo bá ṣì í, á dákẹ́, á sì máa wò mí, n ó tún padà sẹ́yìn. Ìlà kan lè gba gbogbo àárọ̀ lọ́wọ́ wa. Báyẹn la ṣe parí ẹ̀, tí mo gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé ní Ìsẹ́yìn. Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí!

Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí, n ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló ni ògo. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. N ó ka àdúrà tòní nínú ẹ̀. Tí a bá ṣe Àmín tán, ẹ má tíì jókòó o. Ahọ́n ọkọ mi wúwo, tiẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró dè é.