Wọ́n Ní Kí N Dárúkọ Ọ̀rẹ́ Mi

Tonton Dàda, ẹ̀yin olórí òṣìṣẹ́ wa, aago méje àárọ̀ kò tíì lù, ọyẹ́ sì mú débi pé ètè mi ti là, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, torí tí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kò ní gbọ́ mi mọ́, ọkàn mi náà yóò sì ti domi. Ẹ mọ̀ mí. Láti ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń fọ́ kájú níbí, ta ló gbọ́ ohùn mi rí?

Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ òtítọ́. Ọjọ́ tí Màdáàmù Salma ti Kútọnu gbé ìwé ìbéèrè wá, tó ní àwọn òṣìṣẹ́ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ jù, pé biro, ìyẹn ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá, fẹ́ mọ ohun tó lè mú wa dúró síṣẹ́, ẹ fọwọ́ kàn mí léjìká, ẹ ní, “Kassimou, èyí kì í ṣe ti ọlọ́pàá, sọ ohun tó wà nínú rẹ.” Mo sì sọ. Ó bi mí bóyá inú mi ń dùn síṣẹ́, mo ní ó ń dùn díẹ̀, àfi epo èèpo kájú tó ń jó mi lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá mo ní ọ̀rẹ́ níbi iṣẹ́. Èwo nìyẹn, Tonton? Olórí ilé bí èmi, tí wọ́n ń bi léèrè ọ̀rẹ́ bí ọmọ iléèwé. Síbẹ̀ mo ní Bassirou ni. Ó ní bí mo bá kúrò, ta ló máa bá mi kúrò? Mo tún ní Bassirou ni.

Kí ni kí n wí? Èmi àti Bassirou ti ń bára wa ṣe àáró kí wọ́n tó kan òrùlé mọ́ ilé iṣẹ́ yìí. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, a ó kọ ebè iṣu tirẹ̀ ní abúlé Sanson fọ́jọ́ mẹ́rin, a ó kọ tèmi fọ́jọ́ mẹ́rin. Bí ẹnìkan bá bá ọ kọ ebè tìrẹ, tó wá kan tirẹ̀, tí o jókòó sílé, ojú wo lo máa fi wò ó? Ọjọ́ mẹ́jọ là ń lọ lọ́dọọdún, a sì ń padà. Ẹ̀yin náà ti jẹ nínú iṣu yẹn.

Biro wá gbé ìwé ìwọlé síṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn mi, wọ́n rí i pé ọjọ́ tí n kò wá ni Bassirou náà kì í wá. Wọ́n ní à ń fa ara wa jáde. Wọ́n ní tí wọ́n bá yà wá, ọ̀kan kò ní lè tan èkejì lọ. Ni wọ́n bá gbé Bassirou lọ sílé ìsè, níbi tí wọ́n ti ń se kájú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, sínú ooru àti èéfín.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Èmi ń tẹ irin tó ń la èèpo, òun ń yọ ọmọ inú kájú. N kì í wo ọwọ́ rẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo mọ ìgbà tó bá ti yọ ọ́ kúrò. Òun ló sì ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì. Djibril tí ẹ fi sọ́dọ̀ mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n lánàá ó ku díẹ̀ kí n gé e níka. Irin náà kan èékánná rẹ̀.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo yà lọ́dọ̀ Bassirou, ìyàwó rẹ̀ Mounifatou kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Bassirou ní, “O dárúkọ mi fún biro.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Bassirou, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Rárá, Tonton, mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ìwé tó gbé Bassirou lọ. Ẹ ní kí n ṣe sùúrù. Títí dìgbà wo? Bí wọ́n ṣe yà wá yìí, wọ́n á ní ó ṣiṣẹ́, torí mo ṣì wà níbí. Màdáàmù bi mí léèrè ẹni tó máa bá mi lọ. Kò bi mí léèrè ohun tó ń mú mi padà wá. Ká ní ó bi mí ni, orúkọ kan náà ni ǹ bá dá.

Ẹ lọ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n dá Bassirou padà sídìí tábìlì, kí ẹ sì sọ fún òun fúnra rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ òtítọ́. Ẹ ti ń na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Ó dáa. Mo ń gbé àpótí ìjókòó mi lọ sílé ìsè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́.