Òkúta Ibojì Nínú Àwo Ṣúgà

Àbí inú kọfí lo fẹ́ sin Saija sí ni, Tuomo? Dá mi lóhùn! Inú kọfí èmi ìyá rẹ! Mo ṣí àwo ṣúgà láàárọ̀ yìí, mo mú ẹyọ kan, ó kù díẹ̀ kí n jù ú sínú ife, ni mo bá rí i pé wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí i lára. Orúkọ ìyàwó rẹ! Háà! Kọfí dà sí mi lẹ́sẹ̀, mo pariwo débi pé ajá sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Má wulẹ̀ sọ pé ajá ni. Ajá kì í tún nǹkan tò! Ìwọ lo yọ ọ́ kúrò nínú páálí bàtà tó wà lójú fèrèsé lánàá, nígbà tí mo kó àwọn ọmọ lọ sọ́jà.

Ṣé o mọ bá a ṣe ṣiṣẹ́ yẹn tó? Látìgbà tí òjò dídì ti kọ́kọ́ bọ́, ìdí páálí bàtà yẹn la wà, tá à ń kọ́ ìlú kékeré sínú rẹ̀. Òwú la fi ṣe yìnyín, dígí Saija tó ti sán la fi ṣe adágún, Venla ọmọ rẹ fi páálí ìṣáná kọ́ sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru, ó lẹ bébà pupa mọ́ fèrèsé rẹ̀ kó lè dà bíi pé iná ń jó níbẹ̀, ó tún ní dandan ni kí èéfín jáde, ni èmi arúgbó bá ń fa òwú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ mi níka, òwú lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, mo wá dà bí àgùntàn! Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Tuomo, wọ́n rẹ́rìn-ín! Ìgbà wo lo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn nínú ilé yìí?

Ni Eelis ọmọkùnrin rẹ bá ní ó ku ibì kan. Mo ní ibo? Ó ní ibi tá à ń lọ tá a bá ti wẹ̀ tán ní sáúnà lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésì. Ó fi ẹyọ ṣúgà ṣe òkúta ibojì, ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí i, ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ pupa síwájú rẹ̀, ó ní àbẹ́là Màmá nìyẹn. Kò sunkún o! Ṣe ló bi mí bóyá ìrẹsì oníwàrà ti jinná.

Ìwọ wá dé, o ní ibojì ò yẹ nínú nǹkan ìṣeré ọmọdé. Ta ló sọ fún ọ? Ta ni kì í lọ tan àbẹ́là fún òkú rẹ̀ ní ìlú yìí lónìí? Ìwọ náà, ṣebí orí ejìká bàbá rẹ lo ti máa ń wo gbogbo iná wẹ́wẹ́ yẹn lórí yìnyín, tó o ní ìlú àwọn òkú dára ju tiwa lọ? Ìwọ lẹ̀rù ń bà, kì í ṣe àwọn ọmọ! Látìgbà tá a ti sin ín, o ò tíì débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ta ló ń nu òkúta náà, ìwọ ni?

Má tíì bínú, èmi ni mò ń bínú lọ́wọ́! Eelis wá ẹyọ ṣúgà náà dé abẹ́ àga, ó wá a dénú bàtà, ó wá bi mí bóyá Màmá tún ti lọ ibòmíì. Tún ti lọ ibòmíì!

Mi ò fẹ́ jókòó! Ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn ọmọ ti wà nínú mọ́tò. Mo ti dá a pa dà sáyè rẹ̀. Tó o bá tún fọwọ́ kàn án, Ọlọ́run gbọ́, inú sáúnà ni wàá ti jẹ Kérésì rẹ. Ìwọ lo sì máa tan àbẹ́là Saija lónìí. Mi ò ní tan án, kódà kí ilẹ̀ mọ́ bá wa níbẹ̀.

Fìlà mi dà? Ó dáa, ó wà lórí mi. Mò ń lọ o.

Venla! Má tíì ti ilẹ̀kùn mọ́tò. Bàbá yín ń wọ bàtà.